Awókòyà: Mínísítà tó kọ́kọ́ wá tíṣà kí ó tó pe àwọn ọmọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba náà, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn àgbàlagbà fi ń pe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti ìwé, tó ṣírò iye ọmọ, iye kíláàsì, iye tíṣà àti iye owó, tó sì gbé àbá náà lọ síwájú àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn, ẹlòmíràn ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, Stephen Olúwọlé Awókòyà sì ni orúkọ rẹ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọkùnrin yìí ti kú. Nígbàkigbà tí àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ bá jókòó ìpàdé tí wọ́n ń sọ pé owó kò sí, tíṣà kò tó, kíláàsì ti wó, ohun tí Awókòyà bá lórí tábìlì rẹ̀ ní ọdún 1952 náà ni wọ́n ń sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí òun bá le ju tiwọn lọ. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á tún ìtàn rẹ̀ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọdún 1913 ni wọ́n bí Awókòyà ní Awà, ní apá àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ayé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn míṣọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ìjọba òyìnbó a máa fún wọn ní owó ìrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n míṣọ́n ló ń kọ́ ilé, òun ló ń gba tíṣà, òun náà ló sì ń pinnu ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà àti èyí tí kò ní sí. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun kàwé gbọ́dọ̀ wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá pọ̀ nínú ilé, a ó mú ọ̀kan tàbí méjì lọ síbẹ̀, ìyókù a gba oko lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọmọbìnrin ni kì í lọ.

Awókòyà wà lára àwọn tí orí ṣe é fún. Ó lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ láyé ọjọ́un, àgbà tíṣà ni, ìlú a sì máa bọ̀wọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Higher College ní Yábàá, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1934. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n pè é lóòótọ́, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí tó ń fúnni kì í ṣe oyè yunifásítì. Ní Nàìjíríà nìkan ni iyì rẹ̀ mọ, àwọn tó bá sì ti ibẹ̀ jáde, abẹ́ òyìnbó ni wọn yóò máa ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú gidigidi, òun gan-an ló sì mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó padà di Nigerian Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún 1934 kan náà. Ibi tí ìbínú ti wọ inú ètò ẹ̀kọ́ báyìí ni Awókòyà ti kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Iṣẹ́ tíṣà ló fi ṣe ayé rẹ̀ kí ìṣèlú tó dé. Ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó dá Molusi College sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìlú gbé kalẹ̀ fúnra wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí yóò fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ iye tí páànù jẹ́ lọ́jà, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn àgbààgbà ìlú sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ wọn tó lọ sí àpò. Lójú tiwa, ọdún méjì sí mẹ́ta tó lò níbẹ̀ kọ́ ọ ní ohun tí Yábàá kò kọ́ ọ, bó ṣe lo agbára ìlú lẹ́yìn náà sì fi èyí hàn.

Òfin Macpherson ti ọdún 1951 ló fún àwọn ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Nàìjíríà láǹfààní láti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní agbára díẹ̀, kí ọmọ ilẹ̀ yìí sì di mínísítà. Ẹgbẹ́ Action Group tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló gba ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí wọ́n ń pín ipò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952, ọwọ́ Awókòyà ni wọ́n fi ètò ẹ̀kọ́ sí. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún.

Kò fi àkókò ṣòfò rárá. Ní oṣù keje ọdún náà ló gbé àbá ètò ẹ̀kọ́ tuntun wá síwájú ilé. Nínú àbá yìí ló ti sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí ti di ọ̀ràn pàjáwìrì, pé bí a bá yọ ogun kúrò, kò sí ohun mìíràn tó tún yẹ kí ó gba ìjọba lọ́kàn tó o. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó bá tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ìyẹn fún un ní ọdún méjì àti oṣù márùn-ún péré láti múra.

Àwọn òyìnbó tó wà nínú iṣẹ́ ìjọba gbọ́, wọ́n mi orí. Àwọn míṣọ́n náà ṣe kàyéfì. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ ọ̀tá ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì rí àwọn ihò tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà kò tíì tó 500,000, nígbà tí àwọn ọmọ tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Àwọn tíṣà tó wà nílẹ̀ tó nǹkan bí 17,000 ní ọdún 1954, púpọ̀ nínú wọn kò sì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tuntun? Níbo ni wọn yóò jókòó sí? Ta ni yóò sanwó?

Ibi tí ọgbọ́n Awókòyà ti hàn jù lọ nìyí, a ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó fà yọ ni iye ọdún. Nígbà náà, ọdún mẹ́jọ ni ọmọ máa ń lò kí ó tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọdún méjì ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, lẹ́yìn náà Sítáńdáàdì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà. Awókòyà gé e sí ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ó kàn fẹ́ dín ẹ̀kọ́ kù ni, àwọn alátakò sì sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní kíláàsì mẹ́jọ nílò tíṣà mẹ́jọ. Bí a bá sọ ọ́ di mẹ́fà, tíṣà méjì àti kíláàsì méjì ti já sílẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́ ògiri kan tàbí gba òṣìṣẹ́ kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ẹ ti rí ilé-ẹ̀kọ́ kẹrin. Owó kò kúrò lápò ìjọba rárá, àyè sì ti ṣí sílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tíṣà, òun ló sì jẹ́ ká fún ìtàn yìí ní àkọlé tó ní. Ọ̀pọ̀ ìjọba ni yóò kọ́kọ́ kéde, tí wọn yóò ya fọ́tò, tí wọn yóò wá máa wá olùkọ́ nígbà tí ọmọ ti kún ilé. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló kọ́kọ́ kọjú sí. Wọ́n ṣí àwọn tuntun, wọ́n sì fẹ èyí tó ti wà lójú, kí wọ́n lè máa kọ́ olùkọ́ Gíréèdì kẹta fún ọdún méjì. Ẹni tó bá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953 yóò ti jáde ní ìparí ọdún 1954, nígbà tí oṣù kan péré kù kí àwọn ọmọ dé. Èyí ló jẹ́ kí ọdún méjì àti oṣù márùn-ún yẹn ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, òun náà mọ̀ pé àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí kò ní tó. Ó gbà pé àwọn tó jáde Sítáńdáàdì mẹ́fà lásán yóò máa kọ́ni fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó rí àyè lọ kọ́ṣẹ́. Kò sí olùkọ́ tó dára tó máa fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀, a kò sì rò pé olùkọ́ bíi Awókòyà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kò gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ míṣọ́n. Ó dá wọn sí, ìjọba sì ń san owó oṣù tíṣà fún wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìrànwọ́. Ní àwọn ibi tí míṣọ́n kò dé, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin ọdún 1952 ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ni wọ́n ní kí ó kọ́ tiwọn. Ìjọba a fi owó díẹ̀ sí i, ìlú a wá parí rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n pọn omi, wọ́n gún amọ̀, wọ́n gbé igi láti inú oko. Bí ẹ bá dé àwọn ìlú kéékèèké kan títí di òní, ẹ ó rí ilé-ẹ̀kọ́ L.A. tí orúkọ ìlú wà lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, ìrandíran ìgbà náà ni.

Ọ̀ràn àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí á fò ó. Bó ṣe jẹ́ pé Kristẹni ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí Mùsùlùmí bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ní dandan ni kí ọmọ lọ, orúkọ ìrìbọmi ni yóò fi padà wálé. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Ansar-ud-Deen, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1923, rí àǹfààní nínú ètò tuntun yìí láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ dandan tó wà nínú àbá náà níbẹ̀rẹ̀ náà sì rọlẹ̀. Ìjọba kò ní ọlọ́pàá tí yóò máa wọ ilé kiri láti wá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí kíláàsì tí wọn yóò kó wọn sí. Wọ́n wá fi í sí ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá wá ti wá.

Owó wá kù. Ibí yìí ni ìyà ti jẹ ìjọba náà jù.

Wọ́n bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé orí àwọn tó ń san owó orí, nǹkan bíi ṣílè mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí ẹ lè máa rẹ́rìn-ín sí ṣílè mẹ́wàá, àmọ́ fún àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu ní ọdún 1953, kì í ṣe owó kékeré. Àǹfààní tí wọ́n sọ pé yóò ti inú rẹ̀ jáde kò tíì dé, owó rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ṣáájú. Ọkùnrin tí kò ní ọmọ tó tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ ń béèrè ohun tó kan òun nínú rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá a lé ẹyẹ lóko rí i pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun, wọ́n tún fẹ́ gba owó lé e. Ẹgbẹ́ N.C.N.C., ẹgbẹ́ Alákùkọ, gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ìlú dé ìlú. Nígbà tí ìbò ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, Alákùkọ na Ọlọ́pẹ mọ́lẹ̀ nínú ilé Ọlọ́pẹ gan-an. Ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, àga tí N.C.N.C. gbà pọ̀ ju ti Action Group lọ.

Oṣù díẹ̀ ló kù kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba mìíràn ì bá ti dá ètò náà dúró, kí ó ní òun ń tún un yẹ̀ wò. Pé wọn kò dá a dúró, Awólọ́wọ̀ ni iyìn yẹn tọ́ sí ju Awókòyà lọ, nítorí mínísítà lè ní àbá bí orí rẹ̀ ṣe mọ, bí olórí ìjọba kò bá dúró tì í, àpótí ni àbá náà yóò sùn sí. Orí sì tún bá wọn ṣe é. Owó kòkó lọ sókè fíofío lọ́jà àgbáyé ní ọdún 1954 yẹn, ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ẹkùn ní ọdún kan náà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bú ìjọba nítorí ṣílè mẹ́wàá, òógùn wọn náà ló gbé ètò náà dúró, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ọjọ́ wá pé. Ìṣirò tí wọ́n ṣe ni pé nǹkan bí ọmọ 170,000 ni yóò wọ kíláàsì àkọ́kọ́. Àwọn tó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000.

Kí ló fà á? Kò sí ìwé ìbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ iye ọmọ tó wà nílẹ̀ ní ti gidi. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí. Wọn a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ nìyẹn. Àwọn tó ti dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀, tí owó kò jẹ́ kí wọ́n lọ tẹ́lẹ̀, bá àwọn àbúrò wọn tò lórí ìlà. Àwọn òbí tó ti ń kùn nípa owó orí ni wọ́n kọ́kọ́ fa ọmọ lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí 811,000 ní ọdún 1955. Iye tíṣà gùn dé 27,000. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, ọmọ ti ju mílíọ̀nù kan lọ, tíṣà sì ti tó 40,000.

Ẹni tó bá ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ rí mọ ohun tí irú ìyẹn ń ṣe. Wọ́n há mọ́ra wọn ní kíláàsì. Tíṣà tó wà níwájú wọn lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọlé ní 1955 tí wọn kò bá ẹgbẹ́ wọn parí ní 1960. Oko pe àwọn kan padà, àwọn mìíràn kò rí owó ìwé àti aṣọ, nítorí ọ̀fẹ́ kò kan ìyẹn. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè S. A. Banjo jẹ́ alága rẹ̀, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ìparí ọdún 1960, wo gbogbo rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé ìmọ̀ àwọn ọmọ ti lọ sílẹ̀, àìtó olùkọ́ tó gbóná sì ni olórí ohun tó fà á. Ẹ̀sùn tó wúwo ni, kò sì sí bí a ṣe lè dá Awókòyà láre pátápátá nínú rẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé bó bá ní kí òun kọ́kọ́ dúró de olùkọ́ tó péye fún ọmọ mílíọ̀nù kan, ìran méjì ì bá ti dàgbà sí oko kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà-Oòrùn tó tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1957 láìmúra tó bẹ́ẹ̀ ní láti dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà sí àwọn kíláàsì kan láàárín ọdún kan péré.

Ètò mìíràn tó bá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rìn ni ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́dà, Secondary Modern School. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó wà fún ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà tí kò rí àyè tàbí owó lọ sí gírámà. Kò gba owó púpọ̀ bíi gírámà, kò sì nílò àwọn olùkọ́ tó gba oyè yunifásítì. Àwọn kan fi ojú tín-ín-rín wò ó nígbà náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ti jáde. Ètò náà ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn: àwọn ọmọ tó kọ́ ni wọ́n ń padà wá di tíṣà fún àwọn àbúrò wọn. Lọ́wọ́ kan náà, ẹ̀kọ́ ń jẹ owó. Ní àwọn ọdún ìparí 1950, ó ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó tí ìjọba ẹkùn náà ń ná lọ́dọọdún lọ.

Awókòyà kò sí lórí àga láti rí gbogbo ìyẹn. Ní ọdún 1956, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tó pè ní Nigerian People's Party. Ẹgbẹ́ náà kò lọ ibì kankan. Ìbò ọdún náà gbá a dànù, Olóyè J. A. O. Odébíyìí sì gba iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Bóyá ohun tó sì jẹ́ kí orúkọ Awókòyà rá mọ́ni lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ kì í fi orúkọ rẹ̀ kọrin mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó sílé kí ó máa ka ẹ̀sùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Awókòyà padà sí. Òmìnira ń bọ̀, ilẹ̀ Nàìjíríà sì nílò dókítà, ẹnjiníà àti àgbà olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n yunifásítì ní Ìbàdàn kò rí ọmọ tó tó láti gbà sí ẹ̀ka wọ̀nyẹn, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tó ní yàrá ìṣàyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tó péye kò pọ̀. Láti kọ́ yàrá bẹ́ẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba àpapọ̀ bá ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní Èkó ní ọdún 1958, wọ́n sì pè é ní Emergency Science School. Wọ́n ṣa àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ tó wà jọ síbẹ̀, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lórí pípé jọ láti ibi gbogbo, wọ́n sì ń múra wọn sílẹ̀ fún yunifásítì. Awókòyà ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tó tún wọlé nínú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí tíṣà kò bá tó láti pín káàkiri, kó wọn jọ sí ojú kan. Ìdàkejì ohun tó ṣe ní 1955 ni, síbẹ̀ orí kan náà ló bí i.

Lẹ́yìn òmìnira, ó wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì di olórí olùdámọ̀ràn lórí ètò ẹ̀kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àjọ UNESCO gbà á sí olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Paris, níbi tó ti jẹ́ olùdarí lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi padà wálé. Yunifásítì Ifẹ̀ ló lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí.

Ó wà láyé nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ọmọ mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n retí sí kíláàsì àkọ́kọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ló dé. Owó epo ti wà lápò ìjọba nígbà náà, kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ogún ọdún ó lé kan ṣáájú. Wọ́n ṣi í kà síbẹ̀, tíṣà kò sì tó. Ó tún wà láyé ní ọdún 1979 tí ẹgbẹ́ U.P.N. kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òkè, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá sì ń kó ọmọ sí abẹ́ igi. Ní ọdún 1985 ló kú.

Molusi College ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn ọmọ tó na ọwọ́ kan etí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Nínú wọn la ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, adájọ́, alágbẹ̀dẹ tó lè ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti ìyá ọlọ́jà tó ń kọ orúkọ àwọn ajẹgbèsè rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, Awólọ́wọ̀ ni wọn yóò dá yín lóhùn.